Àpò Omi Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Keturah

Mi ò ní yí orúkọ mi padà. Mùnírátù ni mí, ọmọ ìyá aláfún ní Èrúwà. Ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ kí Keturah jìyà, mo sì fẹ́ kó jẹ́ níbi tí kò ti ní rọ́nà sá lọ.

Àárín òkun ni mo ti rí irú ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí ọ̀rọ̀. Ọmọ Igbó-Ọrà ni Keturah, àmọ́ ọ̀dọ̀ wa ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà sí. A jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ìyá mi, a sì jọ wọkọ̀ lọ sí Dakar lọ wáṣẹ́. Mo ń fọ ọkọ̀ ìgbòkun àwọn òyìnbó, mo sì ń dáná fún wọn. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ti fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti di tèmi. Mùíz ń dúró dè mí nílé, wọ́n sì ti mú ọjọ́ yìgì wa.

Keturah lọ sílé lọ ṣọdún Kérésì. Ó sọ fún ìyá Mùíz pé mo ti bímọ fún ọkùnrin Sẹ̀nẹ̀gàl kan, pé mo gbé ọmọ náà pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀.

Irọ́ pátápátá ni. Ọkùnrin ibẹ̀ kankan ò di ọwọ́ mi mú rí.

Ọjọ́ ọjà ìlú Tápà, nítòsí wa, ni ìyá Mùíz lọ bá ìyá mi nídìí láfún wọn. Ó ní, "Ìyá Múnírá, ẹ kú ọmọ ọmọ o. A gbọ́ pé ọmọ náà ga bí ọ̀pẹ."

Gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Ìyá mi kó ẹrù wọn padà láìtà. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jókòó sí ọjà Tápà mọ́. Ìdílé Mùíz sì ní àwọn ò ṣe yìgì mọ́.

Mo pe ìyá mi, mo sunkún, mo búra. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Múnírá, ọ̀nà jìn. Ojú mi ò tó ibẹ̀. Ẹni tó tibẹ̀ wá ló sọ̀rọ̀, ẹni tó tibẹ̀ wá náà ló lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó tibẹ̀ wá, Keturah nìkan ni. Òun náà ò sì padà sí Dakar mọ́.

Ọdún kẹta ni mo tó fojú kàn án. Mo ti wà ní Mindelo nígbà náà, ìlú kan lórí erékùṣù tó wà níwájú Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí àwọn ọkọ̀ ìgbòkun ti ń ra oúnjẹ kí wọ́n tó la òkun kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ọ̀gá Bámiṣẹ́. Ará Èrúwà ni wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá ṣe lókè òkun. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, wọ́n ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọ̀fìkì, orúkọ odò wa. Wọ́n fẹ́ wà á dé Barbados.

"Ẹni tó lè se ọbẹ̀ tí mo lè jẹ ni mò ń wá," wọ́n ní. "Búrẹ́dì òyìnbó ti sú mi."

Mo di ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀. Ibi tí mo ti ń bọ́ bàtà ni ẹnìkan ti yọjú láti yàrá iwájú, tó ń we gèlè.

Keturah ni.

"Múnírá," ó ní, bí ẹni pé àná la ríra. "Ìwọ rèé? O mà ti sanra. Omi ìlú yìí gbà ọ́."

"Ó gbà mí," mo dá a lóhùn. Mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ọkọ̀: Ọ̀gá Bámiṣẹ́, àbúrò wọn Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ tó ti fi ogún ọdún wa bọ́ọ̀sì láti Èrúwà sí Ìbàdàn, Keturah tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú mi, àti èmi. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni Ọ̀gá fojú bù fún ìrìn náà.

Ẹni tí kò bá gbé inú ọkọ̀ ìgbòkun rí, kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ náà máa ń fi rìn, bí ẹni tó gbé garawa omi lọ́wọ́ kan. Ẹ ò lè gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ kí ẹ yíjú. Sítóòfù mi so rọ̀ sórí irin méjì, ó ń fì bí ọmọ tó di ẹ̀ka igi mú. Bẹ́líìtì ni mo fi ń de ìbàdí mọ́ ìdí rẹ̀ kí n má bàa ṣubú lé ìkòkò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a máa ń rí ẹja kéékèèké tó fò wọ ọkọ̀ lóru. Mo máa ń ṣà wọ́n, mo máa dín wọn, a óò fi jẹ ẹ̀bà.

Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń pín ìṣọ́ nídìí ìtọ́kọ̀. Bí ẹnìkan bá ń tọ́ ọkọ̀, ẹnìkan á máa sùn.

"Ọ̀nà yìí mà dára o," Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ máa ń wí. "Kò sí kòtò, kò sí ọlọ́pàá. Èrò tó máa sọ pé òun fẹ́ bọ́lẹ̀ nìkan ni kò sí."

Omi òkun la fi ń fọ abọ́, òun la fi ń wẹ̀. Tí a bá wẹ̀ tán, kọ́ọ̀bù omi dídùn kan péré la fi ń ṣan iyọ̀ kúrò lára.

Lórí omi dídùn, Ọ̀gá Bámiṣẹ́ kì í ṣeré. Kí a tó kúrò ní Mindelo, wọ́n pe gbogbo wa jọ.

"Táǹkì méjì la ní," wọ́n ní. "Ti ọwọ́ òsì ni a ó máa lò. Ti ọwọ́ ọ̀tún, mo ti tì í. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá fẹ́ dán wa wò ni mo fi í sí. Múnírá, ìwọ ni alámòójútó omi. Ọmọ Ìbàràpá tó ti pọnmi rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni yóò tún kọ́ ọ?"

"Kọ́ọ̀bù mélòó lẹ́nìkan, Bàbá?"

"Mẹ́fà lóòjọ́. Ẹni tí mo bá sì bá omi lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn èyí, n ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀. Níbi tí a bá ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò tún gbà á síṣẹ́."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin, a ń jẹun ọ̀sán. Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ ń yọ mí lẹ́nu pé ọkọ wo ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń de ara rẹ̀ mọ́ sítóòfù. Keturah rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má fojú di Múnírá o. Ó kù díẹ̀ kó di ìyàwó ilé nígbà kan. Ọjọ́ yìgì ti pé."

"Háà, kí ló wá dé?" Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ bi mí.

Mo wo Keturah. Ó ti bojú wo abọ́ rẹ̀.

"Kò bọ́ sí i ni," mo ní.

Mo bu òkèlè mìíràn. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ọ̀gá padà wá sí mi létí: yóò sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tí yóò tún gbà á. Òun náà yóò mọ bó ṣe ń rí, kí wọ́n fi ohun tí ènìyàn kò ṣe lé e kúrò níbi tó ti ń jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì rẹ̀, Ọ̀gá sùn, Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ ń hanrun, Keturah wà nídìí ìtọ́kọ̀ lókè. Mo ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀. Táàpù kékeré kan wà lábẹ́ táǹkì ọ̀tún. Mo bu omi sínú ike mẹ́rin. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ike mẹ́rin-mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún. Inú àpò láfún kan tí a ti jẹ tán ni mo ń kó wọn sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Keturah ni mo gbé àpò náà sí, níbi tí wọ́n ń kó ìgbòkun àfirọ́pò sí. Kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀.

Bí ó bá ń bọ́jú ní àárọ̀, màá máa wò ó. Màá máa rò ó bí yóò ṣe dúró létí èbúté Barbados pẹ̀lú báàgì rẹ̀, tí yóò máa ṣàlàyé, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà á gbọ́. Ó máa ń sọ pé, "Múnírá, kí lò ń wò?" Màá ní, "Ìgbì." Mo tiẹ̀ ń fi ẹja tó tóbi jù sí abọ́ rẹ̀ kó má baà fura.

Ọjọ́ karùn-ún tí mò ń bu omi, bí mo ṣe ń bu ike ìkẹyìn, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Mo yí táàpù náà padà wàràwàrà, mo da pákó dé e. Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ ló ń wá ata gbígbẹ fún ìwọ̀ tí ó fẹ́ fi dẹ ẹja. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹja òkun fẹ́ràn ata.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo sọ fún ara mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo so ẹnu àpò náà, mo tì í wọlé. Mi ò padà lọ wo táàpù.

Ní ọjọ́ náà títí di ọjọ́ kejì, pọ́ǹpù kékeré tó ń da omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sókun kò sinmi. Yóò dún, yóò dákẹ́, yóò tún dún. Ọ̀gá ní ọkọ̀ àgbà kò lè ṣe kó má mu omi díẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mi ò fura sí nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, táǹkì òsì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Omi ń kán jáde tó tó bí itọ́. Ọ̀gá Bámiṣẹ́ ní kò burú, àwọn yóò ṣí ti ọ̀tún. Wọ́n ṣí i. Atẹ́gùn nìkan ló jáde.

Wọ́n lu ara táǹkì náà, ó dún bí agolo òfìfo.

Wọ́n ṣí pákó ilẹ̀. Wọ́n ti ìka bọ omi tó kù sí ìsàlẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tún tọ́ ọ wò.

"Kò níyọ̀," wọ́n ní wẹ́rẹ́. "Omi mímu wa ni pọ́ǹpù ń dà sókun láti ìjẹta."

Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ ka ọjọ́ lórí ìka. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ ká tó rí ilẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí, ojú ọ̀run mọ́ roro, kò sí kùrukùru òjò.

"Ẹnìkan fọwọ́ kan táàpù yìí," Ọ̀gá wí. "Kì í ṣe pé inú ń bí mi ni mo ṣe ń béèrè. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá omi kan ṣì wà níbì kan. Ẹ̀mí mẹ́rin ni."

Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n nínú ara mi pé ìgbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí Keturah tó ń wo Ọ̀gá bí ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀, ìkórìíra náà sì tún ru.

"Bàbá," mo ní, "mi ò fẹ́ fi ẹnu mi ba ẹlòmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Keturah."

"Bẹ́ẹ̀dì ta?" Keturah ní.

Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ wọlé lọ. A gbọ́ bó ṣe ń wọ́ nǹkan. Nígbà tó jáde, àpò láfún náà wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, omi ń mì nínú rẹ̀.

"Kì í ṣe tèmi," Keturah wí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí àpò yìí rí."

Ọ̀nà kan náà tí èmi gbà búra fún ìyá mi nìyẹn. Mo gbádùn rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí iye tó wà níbẹ̀," Ọ̀gá ní. Wọ́n dì mọ́ ẹnu àpò náà láti tú u. Kò tú. Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ gbà á, ó fi èékánná tú u, ó fi eyín fà á. Kò tú.

"Irú kókó wo lèyí? Múnírá, mú ọ̀bẹ wá."

Ẹni tí a bí sídìí láfún, kò sí ohun tó máa ń dùn ún tó kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan àpò. Ẹni tó bá gé okùn, ó ti ba okùn jẹ́, bóyá àpò náà pẹ̀lú. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń gbá wa lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ má gé e," mo ní. "A ṣì máa lò ó."

Mo na ọwọ́. Mo fi ìka méjì mú etí okùn náà, mo fi àtàǹpàkò ti ìdí rẹ̀, mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tú wálẹ̀ gbẹẹrẹ.

Gbogbo wọn yíjú wo ọwọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn aláfún wa máa ń kó àpò pọ̀ sínú ọkọ̀ kan náà lọ sọ́jà. Kí ẹnìkan má baà bù nínú ti ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, kálukú ló ní bó ṣe ń so ẹnu àpò tirẹ̀. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ. Tí àlejò bá tú u, kò ní lè so ó padà bó ṣe wà. Ọwọ́ mi ti so tiwa láìbi mí léèrè. Ọwọ́ mi náà ló tún tú u.

Keturah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Bàbá, ìdè Ìyá Múnírá nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bẹ ẹ̀gẹ́ nílé wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní ọmọ inú àwọn nìkan ni."

Ọ̀gá Bámiṣẹ́ na okùn náà sí mi. "So ó padà."

"Bàbá..."

"Mo ní kí o so ó."

Mo so ó. Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ tún gbìyànjú láti tú u, kò tú. Ó gbé àpò náà kalẹ̀, ó wò mí. Mo ń retí àwàdà rẹ̀. Kò ṣe àwàdà kankan.

"Ìwọ lo ṣí táàpù," Ọ̀gá ní.

"Èmi ni. Mo rò pé mo tì í."

"Nítorí kí ni?"

Mo sọ ohun gbogbo fún wọn: Mùíz, ọjà Tápà, ìyá mi. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n bi Keturah bóyá òótọ́ ni. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò dára," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ, Múnírá, èmi àti àbúrò mi ò bá ọ jà rí. Láti òní lọ, Keturah ni yóò máa bu omi fún gbogbo wa. Yóò bu tìrẹ náà."

Lọ́sàn-án yẹn, Keturah wá jókòó tì mí nídìí sítóòfù. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí o rẹ́rìn-ín sí mi ní Mindelo," ó ní, "mo rò pé o ti fà á tì. Ojú tì mí. Ọjọ́ kejì tí a wọ òkun ni mo ká èyí sílẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì, ni mo ṣe ní kí a kan ilẹ̀ ná. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

Ó tẹ fóònù. Ohùn rẹ̀ jáde, ìgbì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Múnírá, ẹ káàsán mà. Keturah ni, ọmọ yín tó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Múnírá, irọ́ ni. Kò bímọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni Mùíz kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀ kó tó kọjú sí i, ó sì dùn mí. Ẹ gbé e fún àwọn ará ọjà gbọ́ mà. Kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ó wà níwájú mi, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Keturah," mo ní, "jọ̀wọ́."

Ó fi ìka tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi hàn mí kí n rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ọ̀rọ̀ tán," ó ní. "Lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ."

Ọgbọ̀n lítà omi tí mo jí, òun pẹ̀lú ìsàlẹ̀ táǹkì òsì ni àwa mẹ́rin mu dé ilẹ̀. Kọ́ọ̀bù mẹ́ta-mẹ́ta lóòjọ́. Ètè wa sán, itọ́ wa ki bí ẹ̀kọ. Ní gbogbo àárọ̀ Keturah máa ń dúró níwájú Ọ̀gá, yóò ní, "Múnírá, wá gba omi rẹ." Yóò kún dé ẹnu. Mo ń wo etí kọ́ọ̀bù náà lójoojúmọ́ bóyá yóò dín in kí n lè rí nǹkan sọ. Kò dín in rí. Bí ó ṣe gbẹ̀san tirẹ̀ nìyẹn, ó sì dá mi lóró ju òǹgbẹ lọ.

Ní Barbados, Ọ̀gá Bámiṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Wọ́n fi mí sínú bàálù tó ń bọ̀ nílé. Bọ̀dá Búrẹ́mọ̀ gbé báàgì mi, ó ní, "Ó dìgbà," kò sì wo ojú mi.

Oṣù keje rèé tí mo ti wà ní Èrúwà. Ìròyìn ti ṣáájú mi dé. Keturah fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó dé Tápà. Irọ́ ni ó pa mọ́ mi lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí mo ṣe, kò yọ ọ̀kan kúrò; irọ́ tirẹ̀ nìkan ni kò mẹ́nu bà.

Mo ṣì ń bínú sí i. Ẹ má retí kí n sọ pé mo ti gbàgbé. Bí mo bá rí i lónìí, mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ìyá mi pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A jọ ń sá láfún sórí àpáta. Wọ́n ní, "Múnírá, ti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl yẹn. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ pé bóyá irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ. Mo ti fẹ́ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí mo gbọ́ ohun tí o ṣe lójú omi, kí ni kí n wá gbà?"

Mo ń tẹ́ láfún lọ.

Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti mú ọ̀tá rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ọ̀tá náà dáadáa. Nínú gbogbo ayé, ó lè jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ pé o ò jẹ̀bi.